Nọ́ńbà Tí Mo Kà Fún Àjèjì

Ilé wa,
Ìkirè.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú ìrìn tí o rìn dé Àbújá. Inú mi dùn pé o ti rí yàrá gbà, pé omi ń yọ níbẹ̀, àti pé ìyá onílé rẹ ń ṣe dáadáa sí ọ. Èmi náà wà. Orúnkún ọ̀tún ṣì máa ń dùn mí bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n mo ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láì mú ọ̀pá dání.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù ni. Ohùn mi á máa gbọ̀n, ìwọ á sì rò pé ara mi ni kò yá. Nínú ìwé, bí mo bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, o ò ní mọ̀.

Ohun méjì ló fà á. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, o sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ ló bá ọ mú káàdì lọ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ nítorí pé o wà nínú ìpàdé, pé o sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ fún un. Lọ́jọ́ kejì, Táyọ̀ àbúrò rẹ fi àwòrán tí o gbé sórí wásáàpù hàn mí. O mú káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́ dání lọ́wọ́ kan, o mú káàdì báǹkì tuntun dání lọ́wọ́ kejì, ojú rẹ ń dán. Mo kọ́kọ́ bá ọ yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún un wò, mo wá rí i pé pẹ̀lú ojú àgbà mi yìí, mo lè ka gbogbo nọ́ńbà tó wà lára káàdì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìtàn méjì ni mo fẹ́ sọ fún ọ. O ti gbọ́ díẹ̀ nínú èkínní lẹ́nu bàbá mi kí wọ́n tó kú. Ìkejì, èmi àti ìyá rẹ nìkan la mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ sì ti lọ.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Àpòmù tó ń jẹ́ Ṣíjì. A jọ lọ sí ilé-ìwé girama, a jọ jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Èmi yege, òun kò yege. Nígbà tó yá, ó wá bá mi pé iléeṣẹ́ pákó kan lágbègbè Ìjẹ̀bú ń wá akọ̀wé, pé kí n yá òun ní ìwé ẹ̀rí mi fún oṣù mẹ́ta péré. Ó ní òun á máa jẹ́ orúkọ mi níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Mo yá a. Lójú tèmi, bébà lásán ni.

Oṣù mẹ́ta di ọdún kan. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti bàbá mi ń sá kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu, ọlọ́pàá méjì wọ inú oko wá, wọ́n pe orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi, mo sì dáhùn. Ṣíjì ti kó ẹrù iléeṣẹ́ náà tà, ó ti sá lọ, orúkọ mi ló sì wà nínú ìwé wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wà ní àtìmọ́lé kí ọ̀gá iléeṣẹ́ náà tó ti ìrìn àjò dé, tó wò mí lójú, tó ní èyí kọ́ ni ẹni tó bá òun ṣiṣẹ́. Kí ó tó dé, bàbá mi ti ta ilẹ̀ etí odò láti fi gba lọ́yà. Bàbá mi ò nà mí, wọn ò bú mi. Inú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀ wá sílé ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ lórí ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ̀wù là ń yá èèyàn, a kì í yá èèyàn lórúkọ."

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yẹn tó mi, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò tó. Mo rò pé ọ̀rẹ́ tó jókòó tì mí nìkan ló lè gba orúkọ mi lò. N kò mọ̀ pé ẹni tí n kò rí rí lè jókòó sí ibi tí n kò mọ̀, kí ó sì di èmi.

O rántí pé ọdún tí o ń ṣe àgùnbánirọ̀ ni ìyá rẹ rí kókó kan ní ọyàn òsì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò n'Íbàdàn, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n sì dá ọjọ́ fún wa. Mo fẹ́ kí o mọ èyí dájú: owó náà wà. Ìyá rẹ ló ni ín. Dòdò tó ń dín létí títì Ìbàdàn fún ọdún mọ́kàndínlógún ló di owó náà. O mọ bó ṣe máa ń ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tí ẹlòmíràn á dà nù, òun á gún ata àti iyọ̀ sí i, á dín in títí yóò fi dúdú, á sì mọ ọ́n róbótó. Èéfín mú ojú rẹ̀ pọ́n títí ayé. Kò ní àkáǹtì tirẹ̀. Ó ní èmi ni mo mọ̀wé, kí n bá òun fi í sínú tèmi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló máa ń kó o fún mi nínú ọ̀rá, tí yóò sì kúnlẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo fún un.

Bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mo lọ sí Àpòmù. Mo bá ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì. Ó ní òun ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì sílẹ̀ kí wọ́n lè fi kún owó wọn. Àwa arúgbó tó tò síbẹ̀ pọ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe akọ̀wé ilé-ìwé, n kò béèrè ta ló rán an. Mo kọ orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi, orúkọ ìdílé ìyá mi àti nọ́ńbà fóònù mi. Mo fún un ní ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ mi, mo sì fún un ní ẹ̀dà iwájú káàdì báǹkì mi. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ku ọjọ́ méjì kí a lọ s'Íbàdàn, fóònù mi dún láàárọ̀. Ọkùnrin kan ni, ó kí mi bí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀. Ó ní láti báǹkì lòún ti ń pè, pé wọ́n ń ti àwọn káàdì àtijọ́ pa, pé tèmi kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá fi di ọ̀sán. Ọmọ mi, ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò. Ó pe orúkọ mi pé, ó ka ọjọ́ ìbí mi fún mi, ó ka nọ́ńbà iwájú káàdì mi láìṣì í. Kí ni mo tún fẹ́ fi mọ̀ pé báǹkì ni? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nígbà náà ni pé bí káàdì náà bá kú, kí ni mo fẹ́ fi san owó nílé-ìwòsàn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?

Ó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì. Mo kà á. Ó ní nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n ka ìyẹn náà.

Ìyá rẹ wà nídìí àdògán, ó ń gbọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Rẹ́nikẹ́, báǹkì tó ni nọ́ńbà, kí ló dé tí wọ́n ń bi yín?"

Mo fi ọwọ́ dá a dúró. Mo ní, "Dákẹ́ ná. Ìwé lọ̀rọ̀ yìí."

Ó yíjú padà sí dòdò tó ń dín nínú agbada. Mo ka nọ́ńbà náà fún ọkùnrin yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ketekete, bí a ṣe máa ń ka ìwé fún ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ńbà wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ohun tí báǹkì kọ sábẹ́ nọ́ńbà náà ni pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí i. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń wí, ẹlòmíràn ni.

Kí ó tó di pé dòdò inú agbada yẹn jinná, owó ìyá rẹ ti lọ.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ jù kọ́ nìyẹn. Olè ló tàn mí níbẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e, èmi nìkan ni mo ṣe é. Nígbà tí mo rí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé owó ti jáde, mo mọ̀. Báǹkì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sílé wa. N kò lọ. Ojú tì mí. Mo ń ronú ohun tí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn gíláàsì á sọ nípa Bàbá Akọ̀wé. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń pe nọ́ńbà ọkùnrin náà, kò gbé e. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ìyá rẹ ń di báàgì ilé-ìwòsàn. Ó ti fọ aṣọ ìlédìí rẹ̀ méjì, ó ti ra ọṣẹ tuntun. Mo wò ó, mo sì purọ́ fún un pé wọ́n pè mí láti Ìbàdàn pé wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú. Ó ní kò burú. Ó tún tú báàgì náà.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó lọ sí báǹkì. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, kò lè ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀ títí, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi má baà gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ìdajì owó yìí ṣì wà nínú àkáǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí títí di àárọ̀ àná. Ká ní ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, à bá dá a dúró."

Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Lọ́jọ́ náà ni mo sọ fún ìyá rẹ. Mo rò pé yóò ké. Kò ké. Ó fọ agbada tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó nu ọwọ́. Ó ní kí n lọ jẹun, pé n kò tíì jẹun láti àná. Nígbà tí mo jẹun tán, ó ní, "Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ. Wọ́n á bínú sí yín, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bínú sí bàbá wọn lórí ọ̀rọ̀ mi."

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé kò sí bẹ́ẹ̀dì nílé-ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀dì wà. Ó gbà mí tó oṣù márùn-ún kí n tó rí oko Ararọ̀mí tó kù tà. Nígbà tí a fi máa dé Ìbàdàn, àìsàn náà ti tàn dé abẹ́ abíyá, ó ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Mo bi dókítà bóyá oṣù márùn-ún yẹn ló fà á. Ó ní kò sí ẹni tó lè sọ. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ọjọ́ yẹn, n kò tíì mọ apá ibi tí mo lè gbé e kà tí yóò fi tù mí nínú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, o bi mí pé, "Bàbá mi, kí ló dé tẹ́ ò tètè gbé wọn lọ?" Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àárín àwa méjèèjì ti tutù díẹ̀. Mo mọ̀, ìwọ náà sì mọ̀. Ẹ̀bi rẹ kọ́.

Ní báyìí, Rẹ́nikẹ́ mi, gbọ́ ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Mo sanwó ẹ̀kọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ, má jẹ́ kí ó ṣòfò.

Ìkínní, lọ yí nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ padà lónìí. N kò sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ jẹ́ olè. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sọnù lọ́la, ìwọ á máa wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, òun náà á sì máa wò ọ́, ọ̀rẹ́ á bàjẹ́ lásán. Má fi ọjọ́ ìbí rẹ ṣe nọ́ńbà náà. Ohun tí gbogbo ayé bá ọ ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àṣírí.

Ìkejì, yọ àwòrán yẹn kúrò. Báǹkì ni kí o pè, kí o sọ fún wọn pé o fẹ́ pààrọ̀ káàdì náà, nítorí o ò mọ ẹni tó ti fi àwòrán náà pamọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ̀.

Ìkẹta, bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ pé láti báǹkì lòún ti ń pè, ì báà pe orúkọ rẹ, ì báà pe oríkì rẹ, pa fóònù náà. Kò ní bínú bó bá jẹ́ báǹkì ni. Fúnra rẹ ni kí o wá fi nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ pè wọ́n, tàbí kí o fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹni tó bá ń lé ọ léré pé kí aago méjìlá tó lù, olè ni. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ dà bí kọ́kọ́rọ́ ilé. Kò sí àlejò rere tó máa ń ní kí o ju kọ́kọ́rọ́ sí òun láti ojú fèrèsé. Àwọn líǹkì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ náà ńkọ́? Má tẹ̀ wọ́n.

Bí wọ́n bá ní kí o mú ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ wá níbikíbi, bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí ó bá di dandan, kọ ọ́ gàdàgbà sójú ẹ̀dà náà pé fún ohun báyìí nìkan ni. Níbi ẹ̀rọ owó, fi ọwọ́ kan bo èkejì. Bí ẹ̀rọ bá gbé káàdì rẹ mì, má jẹ́ kí àlejò kan tó dúró nítòsí bá ọ tẹ nǹkankan. Má sì jẹ́ kí gbogbo ohun tí o ní wà nínú àkáǹtì tí káàdì rẹ lè dé. N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́, má bínú.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbọ́n jù ọ́ lọ, má jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Ní wákàtí yẹn gan-an ni kí o pe báǹkì, kí wọ́n ti káàdì àti àkáǹtì náà pa. Kọ orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn sílẹ̀, kọ aago tí o pè. Bí fóònù ló sọnù, lọ ti síìmù pa kí o tó sunkún lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, lọ búra ní kóòtù, kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sójú kan. Irú ìwé yẹn, tí mo gbà lẹ́yìn tí mo kúrò ní báǹkì, ló gbà mí nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, lẹ́yìn tí a ti sin ìyá rẹ, pé mo yá owó lọ́dọ̀ wọn lórí fóònù. N kò mọ̀ wọ́n rí. Ọkùnrin yẹn ṣì ń jẹ́ orúkọ mi kiri. Ìwé ọlọ́pàá ni mo fi hàn wọ́n tí wọ́n fi fi mí sílẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o sọ ọ́ síta. Sọ fún ọ̀gá rẹ, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ, sọ fún mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìtìjú ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ń sá fún.

Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló tú mi sílẹ̀ nínú májẹ̀mú tí a dá. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní bí Rẹ́nikẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù tirẹ̀, kí n sọ fún un, pé ọmọ òun fẹ́ràn láti fi nǹkan tuntun hàn èèyàn. Mo ní kí ó sinmi ná. N kò mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó ti Táyọ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Kò tíì pè mí títí di òní tí mo ń kọ ìwé yìí. N kò dá a lẹ́bi.

N kò mọ ohun tí ìwọ yóò ṣe. N kò ní kí o dárí jì mí lórí bébà, nítorí kò rọrùn, n kò sì fẹ́ kí o sọ ohun tí kò tíì dé inú rẹ. Bínú bí o bá fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ yí nọ́ńbà yẹn padà, kí o tó bínú.

Èmi tí kò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ ìsìnkú, tó dá ọ lóhùn lónìí,

Bàbá rẹ.